Ariwo Kì Í Mọ́ Etí Lára

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Iṣẹ́ gbohùngbohùn ni mò ń ṣe; àwa la máa ń to ẹ̀rọ síbi ayẹyẹ àti ìpàdé, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, etí mi máa ń hó títí di ọjọ́ kejì. Ní báyìí kì í hó mọ́, ariwo ti mọ́ mi lára. Àmọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí a ti ń dán ẹ̀rọ wò lálẹ́ kò yé ráhùn. Ṣé kò ní mọ́ àwọn náà lára tó bá yá? Oògùn tí wọ́n ń kán sétí pé ó ń fún etí lókun ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ohun méjì lẹ béèrè, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kò béèrè ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ní etí yín kì í hó mọ́, ẹ wá rò pé ó ti le. Mi ò lè ka iye èèyàn tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó gbé àbájáde àyẹ̀wò wọn síwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ariwo kì í mọ́ etí lára. Etí kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tí ọkọ́ ń sọ di líle.

Lẹ́yìn ìlù etí, nínú lọ́hùn-ún, ihò kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, omi ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wínníwínní wà níbẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn bá wọlé, á mi omi, omi á mi irun, irun á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Iye tí a bí yín mọ́ nìyẹn, kò sí àfikún. Bí ariwo bá pọ̀ lápọ̀jù, irun á wó bí koríko tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá rí ìsinmi, ọ̀pọ̀ á tún dìde. Híhó tí ẹ ń gbọ́ nígbà náà ni àmì pé ẹ ti ṣe é léṣe. Tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ kó tó dìde, á kú. Ẹyẹ lè hu òmíràn, ẹja lè hù ú, èèyàn kò lè hù ú. Ìwádìí kan lára eku ní 2009 tiẹ̀ fi hàn pé bí ìgbọ́ràn bá padà bọ̀ sípò, okùn iṣan tó so etí mọ́ ọpọlọ lè ti já síbẹ̀.

Nítorí náà, tí híhó bá dáwọ́ dúró tí ariwo kò sì dín kù, ó lè jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó yẹ kó fara gbọgbẹ́ ti kú tán. Mi ò tíì wo etí yín o, mi ò sì lè dájọ́ láti inú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: láàárín èrò, ṣé ohùn lẹ ń gbọ́ tí ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀? Ohùn tínrín, bíi tàwọn f, s, t àti k, ló kọ́kọ́ ń lọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á ṣì máa dún létí yín, torí ohùn tó nípọn ló gbé wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ bóyá “fún” ni ẹni yẹn wí tàbí “sún”, “tà” tàbí “kà”. Ẹ ó wá máa sọ pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ sínú.

Dẹ́síbẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ nínú 80 dẹ́síbẹ̀lì. Gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé sí i, àkókò yẹn á dín sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré ló kù, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Ní 2022, àjọ náà ní kí ìpíndọ́gba ohùn níbi àríyá má kọjá 100 láàárín ìṣẹ́jú 15 èyíkéyìí. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín wà lórí bọ́tìnì ni wọ́n ń bá wí.

Ní ti àwọn aráàdúgbò, rárá, kò ní mọ́ wọn lára. Ojú ní ìpéǹpéjú, etí kò ní ìdérí. Ẹni tó sùn ṣì ń gbọ́. Bí kò tilẹ̀ jí, ọkàn rẹ̀ á máa yára lù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè, oorun rẹ̀ á máa já. Ìwádìí ti so irú oorun bẹ́ẹ̀ mọ́ àrùn ọkàn. Ní 2017, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fẹnu kò lórí ìpinnu kan nípa bí ohùn ti ṣe pàtàkì tó láwùjọ. Inú mi dùn sí i, torí omi tó dọ̀tí kì í pẹ́ bí wa nínú, ṣùgbọ́n ohùn tó dọ̀tí la máa ń ní kí ọmọnìkejì fara mọ́.

Oògùn ìkánsétí ńkọ́? Ìlù etí ló máa dá a dúró. Kò lè dé ibi tí irun wà. Tí ìlù etí bá sì ti lu, oògùn náà lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ẹ dà á nù.

Ẹ máa fi ohun ìdítí sétí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má dúró níwájú gbohùngbohùn. Ní gbangba, bí ẹ bá sún sẹ́yìn tí àlàfo tó wà láàárín yín àti ẹ̀rọ fi di ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 dẹ́síbẹ̀lì ló ń dín kù. Ẹ yí ojú ẹ̀rọ kúrò lápá ilé àwọn èèyàn, ẹ dín béèsì, ìyẹn ohùn tó nípọn, kù, torí òun ló ń gba inú ògiri kọjá, kí ẹ sì máa dán an wò lọ́sàn-án. Bí etí kan bá di lójijì, ẹ má ṣe sun ún di ọ̀la, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jìnnà sí ariwo fún wákàtí 14, ó kéré tán, kí ẹ tó lọ, kí àbájáde rẹ̀ má bàa ṣì wá lọ́nà.