Ṣé ká wa mọ́tò gbé àwọn ọmọ lọ sí Lake Tahoe nígbà yìnyín?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o. Houston la wà tẹ́lẹ̀, èṣí la kó wá sí Sacramento. Láti ìgbà táwọn ọmọ ti gbọ́ pé yìnyín ò ju bíi wákàtí méjì sí wa lọ, etí wa ò sinmi mọ́. Ìsinmi oṣù kejì ni mo ní lọ́kàn. Mẹ́ta ni wọ́n: ọmọ ọdún mọ́kànlá, mẹ́jọ àti mẹ́rin. AS ni ti àárín, bàbá wọn sì ti ní òun ò gbé ọmọ AS gun òkè kankan. Èmi náà ò wa mọ́tò lórí yìnyín rí. Ṣé ká lọ, àbí ká jókòó jẹ́ẹ́?

Ìdáhùn:

Ìyá wa, ẹ lọ o. Ẹ má kàn lọ bí èmi ṣe kọ́kọ́ lọ ni.

Oakland là ń gbé. Lọ́jọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni mo gbéra, àfi bíi pé gbogbo California ló jọ gbéra. Nígbà tá a sún mọ́ òkè Donner, àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà dá wa dúró: ẹni tí ò bá so ṣéènì, ẹ̀wọ̀n irin tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀ lórí yìnyín, mọ́ táyà ò ní kọjá. Ṣéènì wà ní búùtù, inú páálí, mi ò tú u wò rí. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìnyín, ìka mi ti kú, ìyàwó mi ń fi fóònù taná sí mi. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú ni mo tó rí i pé òdì ni mo so ó. (Àwọn arìnrìn-àjò tí yìnyín há mọ́ ibẹ̀ ní 1846 ni wọ́n fi sọ òkè yẹn lórúkọ. Ẹ má sọ ìyókù ìtàn náà fọ́mọ ọdún mẹ́rin.)

Torí náà, iwájú ilé yín, nínú oòrùn, ni kẹ́ ẹ ti so ó ẹ̀ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó lọ. Táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lẹ ó so ó mọ́. Títì 50 ló máa gbé yín dé South Lake Tahoe. Ẹ gbà á ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí R2 lára pátákó, mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì wọ táyà yìnyín, lè kọjá láì so ṣéènì, bó bá ṣáà ti wà nínú ọkọ̀. R3 ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n sì sábà máa ń ti títì kó tó débẹ̀.

Ti AS, bàbá wọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n AS kì í ṣe SS. Adágún náà ga ní 6,225 ẹsẹ̀ bàtà, orí òkè síkì, níbi tí wọ́n ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, sì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí òkè bá ṣe ń ga sí i ni atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i. AS ni àbúrò tèmi náà tó bá wa lọ. Ẹ bi dókítà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Kó máa mu omi dáadáa, kó má ṣe eré àṣejù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ní ìhà òsì ń dun òun gan-an lókè ikùn, ẹ má dúró fún àgbo kankan, ilé ìwòsàn ni. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ má náwó síkì fún gbogbo wọn. Ẹ ra ike tí wọ́n ń jókòó lé yọ̀ sísàlẹ̀, ó tó wọn. Bí títì 89 bá ṣí, ẹ lọ wo Emerald Bay, apá kan adágún náà tí òkè yí ká: yìnyín bo gbogbo òkè, omi adágún ò sì dì rárá, ó kàn dúdú bí aró.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ se ẹ̀wà yín tán látilé. Lókè yẹn, omi ti ń hó ní nǹkan bíi 94°C, tèmi wà lórí iná láti ọ̀sán títí wọ́n fi sùn, ó ṣì ń dún kókó léyín. Ẹ má sì fi kúlà sílẹ̀ sínú ọkọ̀ mọ́jú. Béárì ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò.