Kòkòrò Orí Awọ Kò Lè Dípò Akẹtẹ̀ fún Ọmọ Àfín

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé lórí awọ ara ènìyàn tó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ jáwọ́ nínú ọṣẹ apakòkòrò tí ẹ fi ń wẹ ọmọ yín tó jẹ́ àfín, àti bóyá kòkòrò náà tó ṣe ààbò fún un nísinsìnyí tí ìpara ààbò oòrùn ti wọ́n gógó. Àfín ni èmi náà, wọ́n sì ti gé jẹjẹrẹ kúrò lára etí òsì mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹ gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 2018, Richard Gallo, Teruaki Nakatsuji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì California tó wà ní San Diego gbé ìwádìí kan jáde nípa Staphylococcus epidermidis, kòkòrò tó ń gbé lára èmi, lára ẹ̀yin àti lára ọmọ yín láìṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n rí i pé irú kan nínú kòkòrò yìí ń pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní 6-HAP. Èròjà náà jọ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ara fi ń ṣe DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ dà kọ kí ó tó lè pín sí méjì; bí 6-HAP bá ti wọlé, àdàkọ náà á dúró, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa pọ̀ sí i lọ kò sì ní rí ọ̀nà gbà. Sẹ́ẹ̀lì awọ tó pé ní tirẹ̀ ní ohun tó ń sọ 6-HAP di aláìlágbára, ìyẹn ni kò fi pa á lára. Wọ́n fi kòkòrò náà ra àwọn eku lára, wọ́n sì ń tan ìtànṣán bíi ti oòrùn sí wọn. Àwọn tí wọ́n fi irú tó ń pèsè 6-HAP ra lára kò yọ kókó tó àwọn tí wọ́n fi irú kejì, èyí tí kì í pèsè rẹ̀, ra lára. (Eku tí kò nírun tí kò sì ní dúdú lára ni wọ́n lò. Eku àfín! Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.)

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Staphylococcus epidermidis ni irú méjèèjì. Kò sí ojú tó lè wo awọ ọmọ kó sọ èyí tó ń gbé níbẹ̀, kò sì sí oògùn tí dókítà lè kọ fún yín láti inú ìwádìí yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìpara kòkòrò rere wá bá yín lórí WhatsApp pé ó ń dènà jẹjẹrẹ, owó yín ló ń wá. Èyí tí àwọn ará Yunifásítì Stanford gbé jáde ní 2023, kòkòrò tí wọ́n tún ṣe ní ilé ìwádìí kó lè bá jẹjẹrẹ jà nìyẹn, ara eku ni òun náà sì mọ sí.

Ohun tó kan àwa àfín jù ni pé mẹ́lánììnì, èròjà tó ń mú awọ dúdú, ló ń gba ìtànṣán oòrùn sílẹ̀ kí ó tó dé ibi tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àwa kò sì ní in tó. Kòkòrò kì í dá ìtànṣán dúró. Ìgbà tí oòrùn bá ti ba DNA jẹ́ tán ni iṣẹ́ 6-HAP ń bẹ̀rẹ̀.

Ojú, imú àti apá ni gbogbo ènìyàn ń rántí láti bò. Òkè etí, ètè ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n ń gbàgbé, òkè etí gan-an ni tèmi sì ti bẹ̀rẹ̀. Èépá kékeré kan ni, tó le koko bí ọwọ́ bá kàn án. Á ṣí, á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sára ìrọ̀rí, á gbẹ, á tún padà. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ń fún mi ní ìpara egbò, ó sì ń rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó tún yọjú. Dókítà awọ ara ló ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, àbájáde sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, irú tí wọ́n ń pè ní squamous, tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwa àfín ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tó pa etí náà kú. Mo ń gbọ́ bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé e, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára. Kò tíì ràn dé ọrùn, ó sì parí síbẹ̀. Mo mọ àwọn tí tiwọn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí abẹ nìkan kò sì tó fún wọn mọ́. Egbò yòówù tí kò bá jinná láàárín oṣù kan lára ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ.

Ní ti ọṣẹ, ẹ fi apakòkòrò sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nítorí 6-HAP. Ọṣẹ líle ń fa epo awọ gbẹ, awọ á máa ya, irú ojú yíya bẹ́ẹ̀ sì ni Staphylococcus aureus, ìbátan burúkú ti kòkòrò tí à ń sọ yìí, ń fẹ́. Àwọn olùwádìí a máa rí i lọ́pọ̀ lórí èépá tí oòrùn fà àti lórí jẹjẹrẹ squamous, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírí tí wọ́n rí i níbẹ̀ kò sọ pé òun ló fà á. Ọṣẹ ìwẹ̀ tí kò le, pẹ̀lú òrí lẹ́yìn ìwẹ̀, ti tó. Òrí kì í ṣe ààbò oòrùn o.

Kí ìpara tó wọ́n yẹn lè pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ wá fi ìpara tí SPF rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ààbò oòrùn rẹ̀ ṣe lágbára tó, jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pa ibi tí aṣọ kò dé, kí ẹ sì máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí ó bá wà níta. Ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má ṣe ní kó ṣí akẹtẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tò síta láàárọ̀, kí wọ́n sì fi ìjókòó rẹ̀ síbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò dé, nítòsí pátákó, nítorí ojú wa kì í ríran jìnnà.