Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Tún Bóòtù Tọ́ọ̀pù Dè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. 504 pickup ni mo fi ń kó pákí láti oko wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ palẹ̀ tí wọ́n tún un tò, ó ti rin bíi kìlómítà 1,200, ni mẹkáníìkì mi bá ní kí n gbé e padà wá kóun tún bóòtù tọ́ọ̀pù dè. Àbúrò mi tó ń gun Camry 1999 ní wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi ni, pé nígbà tí wọ́n tún tiẹ̀ ṣe, kò sẹ́ni tó padà fọwọ́ kàn án. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá mi, mẹkáníìkì yín ò purọ́, àbúrò yín náà ò purọ́, mọ́tò ló yàtọ̀ síra. Tọ́ọ̀pù 504 yín, ìyẹn ọmọrí tó bo sílíńdà ẹ́ńjìnnì lókè, alumíníọ̀mù ni, bóòtù ẹ̀, irin. Alumíníọ̀mù máa ń wú ju irin lọ tó bá ti gbóná, á wá máa tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn (ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sáàárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì kó má bàa jò) mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́ sì rèé, ara ẹ̀ rọ̀, tó bá fi máa gbóná tó máa tutù fún bí oṣù kan, bóòtù tó le dan-in lọ́jọ́ kìíní ti dẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ o, àfi tómi rédíétọ̀ bá ń dínkù láìjò sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fa dípísítíìkì yọ kẹ́ ẹ rí ọ́ìlì tó dà bíi tíì oní-mílíìkì. Torí náà ẹ gbé e lọ.

Ti Camry yẹn, tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4, Newton mítà 49 (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń lọ́ bóòtù) ni wọ́n ń kọ́kọ́ dè é dé, wọ́n á wá tún lọ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin àyíká kan sí i, ó parí nìyẹn. Bóòtù yẹn ti nà bó ṣe yẹ kó nà. Ẹni tó bá tún ń lọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn, ó lè kán an sínú búlọ́ọ̀kù.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì wọ́n o! Kí mọ́tò sùn mọ́jú, kẹ́ńjìnnì tutù wọ inú. Èmi náà gbà kí wọ́n dè tèmi nígbà kan, ó ṣì gbóná débi pé ọmọ iṣẹ́ ń fi àkísà di sípánà mú, ọ̀gá ẹ̀ wá ki páìpù gbọọrọ bọ̀ ọ́ nídìí ó ń fò lé e, ọ̀sẹ̀ kejì gásíkẹ́ẹ̀tì jó. Tọ́ọ̀kì réńṣì, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí wọ́n ṣe lọ́ bóòtù le tó, ni kí wọ́n lò, tí wọn ò bá ní, kí wọ́n lọ yá a. Láti àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ níta, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan: tú u díẹ̀, ẹ máa gbọ́ "kẹ̀ẹ́n" tó bá já, kí wọ́n wá dè é dé iye tó wà nínú ìwé mọ́tò kí wọ́n tó kan òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ pọ̀ láyé, torí omi ló yí sílíìfù 504 (páìpù tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀) ká, tí tọ́ọ̀pù bá lọ gbéra, sílíìfù lè ṣí nídìí, omi á wọnú ọ́ìlì.

Ẹ tún rántí tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí. Tọ́ọ̀pù tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì máa yí padà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń dé ìdérí padà láìwò ó. Kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n níṣojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.