Ẹ BI DÓKÍTÀ ẸRANKO: Wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún Kẹ́hìndé

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Sicily ní Ítálì ni mo ń gbé. Ìbejì mi pé oṣù méje, Táyé ò ní wàhálà, àmọ́ ara Kẹ́hìndé kọ mílíìkì màálù, tó bá ti kàn án lẹ́nu báyìí ara á lé, á máa bì, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ jáde. Ọmú mi ò sì tó àwọn méjèèjì mọ́. Dókítà ọmọdé wá ní ká gbìyànjú wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, oko kan wà tí ò jìnnà sí wa tó ń tà á. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù, màmá pariwo, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ àwọn ya olórí kunkun ni! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dáa? Kí ni kí n wò lára ẹran yẹn kí n tó rà á?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí màmá, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé láyé àtijọ́, lẹ́yìn ọdún 1880, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ kan wà ní Paris, abẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gan-an ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń ṣàìsàn lọ kí wọ́n fẹnu ara wọn mu ọmú. Orí kunkun ò sí nínú wàrà.

Ohun tí dókítà yín rí ni pé wàrà yìí sún mọ́ ti èèyàn. Purotéènì inú ẹ̀ kéré, nǹkan bíi gíráàmù 1.5 sí 1.8 nínú mílílítà 100, ti màálù lé ní 3, àti casein, irú purotéènì kan tó sábà máa ń dá irú wàhálà Kẹ́hìndé sílẹ̀, díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Súgà ẹ̀ tó gíráàmù 6 sí 7 bíi ti ọmú ìyá, ìyẹn ló ṣe máa ń dùn lẹ́nu ọmọ. Ibi tó kù sí ni ọ̀rá. Ọ̀rá inú ẹ̀ kì í sábà tó gíráàmù 1 nígbà tí ti ọmú ìyá ń lọ sí bíi 4, ọmọ á mu ún yó àmọ́ kò ní sanra, torí náà dókítà ló máa sọ iye òróró tí ẹ máa fi kún un, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n o. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni ara wọn ń gbà á, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́ ọ sí i lẹ́nu.

Ó wá ku ẹran yẹn fúnra ẹ̀, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà lójú tèmi. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹṣin tí inú ń run á máa yí nílẹ̀, á máa fẹsẹ̀ tapá, ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á kàn dúró jẹ́ẹ́, á sorí kọ́, ẹ ẹ́ rò pé sùúrù ló ń ṣe, àṣé ó ti ń kú lọ. Èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú tí ò jẹun lóòjọ́ kan péré, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀rá ara ẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, á ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, púpọ̀ nínú wọn kì í yè é. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo pátákò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n máa gé e, tó bá ti gùn tó ká sókè bíi bàtà Lárúbáwá, ẹ yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n yẹ eyín ẹ̀ wò kẹ́yìn, oògùn aràn tàbí antibáyọ́tíìkì wo ni wọ́n fún un, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì fi da wàrà ẹ̀ nù lẹ́yìn náà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Yúróòpù ní páspọ́ọ̀tù o, ẹ má rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí bóyá ẹran náà wà fún jíjẹ mímu èèyàn àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wo ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú. Tọ́mọ ò bá sí nítòsí wàrà ò ní sọ̀kalẹ̀, àpò ọmú yẹn kéré, orí ọmú méjì péré ló ní, nítorí náà wọ́n á ya ọmọ sọ́tọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n á fún wàrà, wọ́n á dá ọmọ padà. Tọ́mọ náà bá rù kan egungun, a jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀ ni wọ́n ń tà fún yín.

Wàrà yìí ní lysozyme tó ń pa kòkòrò, àwọn kan á wá ní kò dìgbà tẹ́ ẹ bá sè é. Ẹ má gbà. Lysozyme ò lè pa gbogbo kòkòrò tán, ọmọ oṣù méje ò sì lágbára kòkòrò bíi E. coli. Tí oko ò bá ti gbé e gbóná dé 63°C fún ìṣẹ́jú 30, ẹ sè é nílé kó hó.

Dókítà, mo fẹ́ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì láti Katsina wá sí Ìsẹ́yìn kí n máa ta wàrà ẹ̀, mo gbọ́ pé owó gidi ni.
Àgbẹ̀ tuntun

Àgbẹ̀ tuntun, owó ni lóòótọ́, ní Serbia wọ́n ń fi ṣe wàràkàṣì tó wọ́n burúkú, bíi lítà 25 ló ń di kílò kan. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: oyún ẹ̀ ń tó ọdún kan, tó bá bí tán, lítà kan lóòjọ́ tàbí kó lé díẹ̀ lẹ ẹ́ rí, fún oṣù díẹ̀, ọmọ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mu nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ rà á níyè tó máa pa yín lérè ní Ìsẹ́yìn? Ẹ tún rántí eṣinṣin tsetse tó ń kó àrùn ran ẹran. Òun ni ò jẹ́ kí ẹṣin Ọ̀yọ́ rí ọ̀nà wọ igbó jìnnà láyé ogun, kò sì ní yọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń wá awọ ẹ̀ kó lọ sí China ti sọ ọ́ di ọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sì ti fòfin de pípa á torí awọ láti February 2024, fún ọdún 15. Tẹ́ ẹ bá ṣì takú, ẹ ra èyí tí ọmọ ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè wò kẹ́ ẹ tó sanwó.