Ibo gan-an ni kámẹ́rà mi fojú sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Nikon D750 àti lẹ́ńsì 85mm f/1.8 ni mo fi ń ya fọ́tò òde. Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ yà láìpẹ́ yìí, nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò ìyàwó, ojú rẹ̀ rí bàìbàì, bẹ́ẹ̀ gèlè orí rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹnì kan ní kí n ta lẹ́ńsì náà. Ẹlòmíràn ní àfikún kan wà tí wọ́n ń so mọ́ Lightroom (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe) tó máa ń fi ibi tí kámẹ́rà fojú sùn hàn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó lè sọ fún mi bóyá lẹ́ńsì mi ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta lẹ́ńsì yẹn. Òótọ́ ni pé àfikún náà wà, á sì ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́ ibi tí kámẹ́rà fojú sùn nìkan ló mọ̀, kò mọ ibi tí fọ́tò ti mọ́. Ojú yín ló máa sọ ìyẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ kámẹ́rà, ó máa ń kọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì fọ́tò náà: lẹ́ńsì wo, ìyára wo, àti èwo nínú ojú fókọ́ọ̀sì 51 (àwọn ibi kéékèèké tí kámẹ́rà lè fojú sùn) tí D750 ní ló lò. Ilé iṣẹ́ kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó ń gbà kọ tirẹ̀, Lightroom kì í sì í fi apá yìí hàn. ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tí Phil Harvey ará Kánádà gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2003, mọ̀ ọ́n kà. Òun ni àfikún tó ń jẹ́ Focus Points ń lò láti ka àkọsílẹ̀ náà, kó tó ya àpótí kékeré sójú fọ́tò yín.

Ọ̀fẹ́ ni, ó wà lórí ìkànnì GitHub. Ẹ wà á jáde, ẹ tú u sí fódà tí ẹ kò ní pa rẹ́. Nínú Lightroom Classic, ẹ lọ sí File, Plug-in Manager, Add, kí ẹ mú fódà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan fọ́tò kan, kí ẹ lọ sí Library, Plug-in Extras. Lightroom orí fóònù kò lè gbà á. Fáìlì tó ti inú káàdì kámẹ́rà wá gan-an ni kí ẹ lò o. Èyí tó bá ti gba orí WhatsApp kọjá ti sọ àkọsílẹ̀ yẹn nù. Tí ẹ kò bá ní Lightroom, ètò NX Studio tí Nikon gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2021 ń fi àpótí yìí kan náà hàn. Kódà kámẹ́rà yín lè fi hàn yín lójú agbo: nínú Playback display options, ẹ fi àmì sí Focus point.

Ó wá kan bí a ṣe ń ka àpótí náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onífọ́tò ti ń ṣìnà.

Tí àpótí bá wà lórí gèlè, lẹ́ńsì yín kò jẹ̀bi rárá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ibi tó wù ú. Ohun tó sún mọ́ ọn jù, tó sì ní ìlà àti àwọ̀ tó yàtọ̀ síra, ló sábà máa ń lọ bá. Ẹ wo gèlè aṣọ òkè tó ń dán, tó ní ìṣẹ́po lọ́tùn-ún lósì, ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti fi àtíkè pa tó ń dán gbọọrọ. Èwo ni ẹ̀rọ máa rí dì mú? Ẹ kúrò lórí Auto-area (ibi tí kámẹ́rà ti ń yan ojú fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀), ẹ lo ojú fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbé e lé ẹyinjú tó sún mọ́ yín.

Ó tún lè jẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ fi ojú fókọ́ọ̀sì àárín mú ẹyinjú, lẹ́yìn náà ni ẹ wá yí kámẹ́rà kí ìyàwó lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àpótí á dúró sí àárín fọ́tò, bóyá lórí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tàbí lára ògiri, nítorí kò mọ̀ pé ẹ yí kámẹ́rà. Ewu wà nínú àṣà yìí o. Ní mítà 2, pẹ̀lú 85mm ní f/1.8, ibi tó máa mọ́ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, 3 síwájú, 3 sẹ́yìn. Tí ẹ bá yí kámẹ́rà ní ìwọ̀n 10°, fókọ́ọ̀sì á ti sún sẹ́yìn ẹyinjú bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Kí ìyàwó kàn mí kanlẹ̀ báyìí, ó parí. Ojú fókọ́ọ̀sì 51 ti D750 kóra jọ sí àárín, mo mọ̀ pé ìyẹn ló ń fà á. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, èmi a máa sún lọ sí f/2.8 tàbí f/4 kí ibi tó máa mọ́ lè fẹ̀ sí i, mo sì máa ń lo ojú fókọ́ọ̀sì tó wà létí.

Tí àpótí bá wà lórí ẹyinjú gan-an, tí ojú kò sì mọ́ ńkọ́? Ẹ sún fọ́tò náà dé 100%, kí ẹ wá ohun tó mọ́. Tí ohun gbogbo bá fà bí ẹni fi ọwọ́ nù ún, ìyára ṣọ́tà ló kéré. Ẹni tó ń jó kò gba 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, 1/250 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá lo AF-C (fókọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn), ẹ ṣí Custom Setting a1. Release ló máa ń wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kámẹ́rà á yà bí fókọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ tíì dé ibi tó ń lọ. Ẹ yí i sí Focus.

Tó bá jẹ́ pé etí ló ń mọ́ dípò ojú ní gbogbo fọ́tò, láìyẹ̀, nígbà náà ni mo tó lè fura sí lẹ́ńsì. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi ìwé ìròyìn kan sí iwájú ògiri. Ẹ ya mẹ́wàá láti ojú ihò kámẹ́rà, kí ẹ ya mẹ́wàá mìíràn ní Live View (ẹ máa wo ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà), f/1.8 ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì kúrò pátápátá kí ẹ tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ti Live View bá mọ́, tí ti ojú ihò kò mọ́, lẹ́ńsì àti kámẹ́rà kò gbọ́ ara wọn yé ni. AF fine-tune inú Setup menu, láti -20 dé +20, lè tún un ṣe láìná kọ́bọ̀. Tí méjèèjì kò bá mọ́, ẹ kó lẹ́ńsì àti kámẹ́rà pọ̀ lọ bá alátùn-únṣe, kí ẹ sì mú fọ́tò ogún yẹn dání.