Egungun Ẹja Há Lọ́fun: Ẹ Má Fi Òkèlè Tì Í

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Egungun ẹja ẹpìyà há mi lọ́fun ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi ní kí n gbé òkèlè ẹ̀bà mì láìjẹ ẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n títí di òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣì ń gún mi bí mo bá gbé itọ́ mì. Ṣé fùfú ni kí n lò, torí pé ó ń fà ju ẹ̀bà lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má lo fùfú, ẹ má lo iyán, ẹ má sì gbé òkèlè kankan mì mọ́ nítorí egungun yìí. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi, inú mi kì í sì í dùn sí i, torí pé òkèlè tó dára jù ni gbogbo èèyàn ń wá, nígbà tó jẹ́ pé òkèlè gan-an ni ewu.

Egungun ẹja tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ńṣe ló máa ń gún ara wọlé, nígbà púpọ̀ sínú tọ́ńsìlì, ìyẹn ẹran kéékèèké méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ní ẹ̀yìn ẹnu, tàbí sí ìdí ahọ́n. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sínú tìmùtìmù, tí ẹ wá ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣé yóò jáde ni àbí yóò túbọ̀ wọlé? Egungun tí ǹ bá tan iná wò, kí n sì fi ẹ̀mú yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lè tipa bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀nà oúnjẹ lọ, kí ó dá a lu, kí itọ́ àti oúnjẹ máa jò sínú àyà, kí ibẹ̀ sì gba ọyún. Mo ti tọ́jú ọkùnrin kan tí ó fi ẹ̀bà àti àmàlà ti egungun fún ọjọ́ mẹ́rin. Ife ni ó gbé dání wá, inú rẹ̀ ni ó ń tutọ́ sí, torí kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì mọ́, ọrùn rẹ̀ sì ti wú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n.

Lóòótọ́, àwọn kan yóò ní ó ṣiṣẹ́ fún àwọn. Ọ̀pọ̀ egungun kéékèèké ti máa ń lọ fúnra wọn kí a tó bu òkèlè, ojú ibi tí ó ha nìkan ni yóò máa ta èèyàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn mìíràn ń mu kí egungun lè yọ́, kì í pẹ́ lọ́fun tó láti yọ́ ọ.

N kò tíì yẹ ọ̀fun yín wò, nítorí náà n kò lè sọ ibi tí ó wà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà lónìí. Ẹ má jẹ, ẹ má mu kí ẹ tó lọ, torí ó lè gba pé kí a fi oògùn kùn yín lóorun. Egungun ẹja mìíràn kì í hàn nínú X-ray. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan, tí ó sì ń gún yín, ẹ ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ọ̀fun yín. Ibà, àyà dídùn, ọrùn wíwú, ẹ̀jẹ̀, tàbí itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, pàjáwìrì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti gbé òkèlè mì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ má tijú, torí ìyẹn ni yóò jẹ́ kó mọ bí ó ṣe yẹ kó wá a jìnnà tó.