Ta ló yẹ kó wo inú ìfun Bàbá Ìbejì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ìgbógbo ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Bàbá Ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 54, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá yàgbẹ́, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kò sí àgbo jẹ̀dí tí wọn ò mu tán ní Sábó. Ìgbà tí wọ́n wá ń rù ni mo wọ́ wọn lọ sí jẹ́nẹ́rà, dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe colonoscopy, ìyẹn fífi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá. Hosípítù aládàáni kan wà nítòsí wa, owó wọn ò wọ́n, dókítà kan náà ló ń gbẹ̀bí, ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ló tún ń ṣe colonoscopy. Àbúrò mi ní LASUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ni ká lọ. Báwo la ṣe máa mọ dókítà tó tọ́? Bàbá Ìbejì gan-an ò tiẹ̀ fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ki nǹkan bọ àwọn nídìí. – Màmá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ wọ́ wọn lọ sí jẹ́nẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àgbo yẹn lọ́wọ́ wọn ná. Ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́, ó lè jẹ́ egbò, ó lè jẹ́ kókó inú ìfun, ó sì lè jẹ́ kánsà, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́, àgàgà tí èèyàn bá tún ń rù.

Ó ku ọ̀rọ̀ dókítà. Rọ́bà gígùn tó ní kámẹ́rà lórí ni wọ́n máa gba ìdí kì bọnú, wọ́n á máa darí ẹ̀ gba gbogbo kọ́nà ìfun ńlá títí dé apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn níbi tí ìfun kékeré ti já sínú ẹ̀. Dókítà tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì mọ́ ọn lè dúró lágbedeméjì kó ní òun ti wò ó tán, bẹ́ẹ̀ kókó apá ọ̀tún máa ń pẹlẹbẹ, kì í tètè hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọwọ́ ẹni tó di rọ́bà yẹn mú ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe ilé tó ní táìsì. Ẹ bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ, mélòó ló ń ṣe lóṣù, àti pé nínú 100 èèyàn mélòó ló ń wò dé ìparí. Ó yẹ kó tó 90 ó kéré tán. Tó bá sì ń fà á bọ̀ níta, ó yẹ kó lò tó ìṣẹ́jú 6 ó kéré tán, torí ìgbà yẹn gan-an ló ń wò ó fínnífínní. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yìí, ẹni tó bá bínú, ẹ má gbé Bàbá Ìbejì fún un.

Mi ò sọ pé dókítà itòsí yín ò mọ̀ ọ́n ṣe o, àwọn oníṣẹ́ abẹ míì kọ́ ọ dáadáa. Àmọ́ ẹ bèèrè láìfi wọ́n ṣẹ̀sín: ṣé láísẹ́ǹsì MDCN (ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ ní Nàìjíríà) tọdún yìí wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé HEFAMAA (àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé ìwòsàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó) fọwọ́ sí hosípítù náà, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ rọ́bà yẹn lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan (omi àti ọṣẹ nìkan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú ẹ̀, kí wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà apakòkòrò), ta ló máa ṣọ́ èémí Bàbá tí wọ́n bá gún wọn lábẹ́rẹ́ oorun. Kí wọ́n sì sọ bóyá àwọn lè gé kókó tí wọ́n bá rí lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù. Tí wọn ò bá lè gé e, ẹ máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì ni, Bàbá á sì tún mu oògùn ìyàgbẹ́ tó ń fọ ìfun mọ́ kí wọ́n tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, a jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú yẹn ò pọ́ọ́kú mọ́.

Témi bá ni, LASUTH ni màá kọ́kọ́ lọ, torí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ni, àwọn dókítà tó kọ́ iṣẹ́ inú àti ìfun nìkan wà níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni ọ̀nà. Oògùn ìyàgbẹ́ yẹn, wọ́n sábà máa ń mu ìdajì lálẹ́ kí wọ́n mu ìyókù láàárọ̀, ẹ wá ro ó wò kí èèyàn mu ún tán kó lọ há sínú gosiló Máìlì 12. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Ìkẹjà, kí wọ́n lọ sùn síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní ọ̀sán.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún dókítà ṣáájú ọjọ́ náà, aspirin, oògùn ṣúgà, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron (wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n dá ìyẹn dúró bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú), àti àgbo pàápàá, ẹ má tijú.

Ní ti ìtìjú Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n máa ń bo èèyàn lára, pé abẹ́rẹ́ yẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n mọ púpọ̀ nínú ohun tó ń lọ, àti pé kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Bàbá lè ní ọkùnrin làwọn fẹ́ kó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ tẹ̀lé wọn lọ o, wọn ò gbọ́dọ̀ wakọ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lọ́jọ́ náà.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà púpọ̀, tí òyì bá ń kọ́ wọn tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín tó pé, ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn, ẹ gbé wọn lọ sí èmájẹ́ńsì jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lójú ẹsẹ̀.